Orí Kẹrin: Ọkà Ń Wo Ọjọ́ Tí Òjò Yóò Dá

Òjò tí ń rọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí 600 mílímítà lọ. Ti Ìfọ́n àti Ìlobùú, àwọn ìlú méjì tí wọ́n fara kanra lẹ́bàá Òṣogbo, a tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí yóò búra pé ibẹ̀ gan-an ni òjò ń gbé. Kò purọ́. Òjò tọ̀hún a máa ṣẹ́ wínníwínní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Tiwa a máa dé bí àlejò tó gbé ẹrù wá: yóò kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ilẹ̀ Ìfọ́n lè má rí ju ẹ̀kán òjò mélòó kan lọ.

Nítorí náà, bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ àti iṣẹ́ oko tí wọ́n ń béèrè pé báwo ni òjò ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ìbéèrè tó yẹ kó ṣìkejì ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Iye òjò ṣe pàtàkì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú ọkà, ì báà jẹ́ bàbà, ì báà jẹ́ jéró tàbí àgbàdo, ọjọ́ ló jù: ọjọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó sinmi láàárín, àti ọjọ́ tó dá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ni orí yìí yóò máa tọ̀ lẹ́yìn.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jìjàkadì lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì ru eruku. Òun ni ọyẹ́. Gúúsù ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé ni òjò ti ń rọ̀, oòrùn ló sì ń fa ibi ìpàdé náà kiri. Bí oòrùn bá ti ń sún sí òkè láti oṣù kẹta, òjò a tẹ̀lé e. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ojú òjò ti kọjá ilẹ̀ Haúsá, ó ti kan etí aṣálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún padà sísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé òjò líle ń gba orí Ìfọ́n kọjá lẹ́ẹ̀mejì, nígbà àlọ àti nígbà àbọ̀. Òjò àlọ a máa pọ̀ jù ní oṣù kẹfà sí ìkeje, ti àbọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìsinmi díẹ̀ a sì wà láàárín wọn ní oṣù kẹjọ. Àwọn àgbẹ̀ wa kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ èyí. Oko àkọ́rọ̀ àti oko àrọ̀kúrọ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́.

Ní Kánò, ibi tí òjò ti ń yí padà kò jìnnà sí wọn, nítorí náà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìkórè kan ṣoṣo. Ní Oǹdó nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kì í pẹ́ tó tiwa, igbó sì dí. Ìfọ́n àti Ìlobùú wà níbi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí igi igbá àti ọ̀pẹ ti lè jọ wà nínú oko ènìyàn kan. Ẹni tó bá wà ní ààlà báyìí ní ohun púpọ̀ láti yàn nínú rẹ̀. Ó sì lè ṣì í yàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkà fúnra rẹ̀. Koríko ni, bó ti wù kó níyì tó. Àlìkámà, ìrẹsì, bàbà, jéró, àgbàdo, koríko ni gbogbo wọn, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n sì ń dá: kí wọ́n yára dàgbà nígbà tí omi wà, kí wọ́n kó gbogbo ọrọ̀ wọn sínú èso gbígbẹ, kí èso náà sì sùn títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ọ̀tá ọkà. Bí kò bá sí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko kò ní ìdí tí yóò fi so èso tó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń ba ọkà jẹ́ ju ọ̀dá lọ nígbà mìíràn ni òjò tó kọ̀ láti dá nígbà tí èso ń gbó. Àwọn ará Yúróòpù mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1315, òjò rọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì láti ìgbà ìrúwé wọ ìgbà ìkórè láìsinmi. Àlìkámà kò gbó, èyí tó gbó kò gbẹ, èyí tí wọ́n kó jọ bu nínú àká. Ìyàn náà kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1317, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti jẹ irúgbìn tí wọn ì bá gbìn. Omi ló fa ebi yẹn, láìsí ọ̀dá kankan.

Ọkà bàbà wa kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Bàbà ìbílẹ̀ kì í ka iye ọjọ́ tó ti lò nínú ilẹ̀. Gígùn òru ló ń ṣọ́. Èròjà kan wà nínú ewé rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phytochrome, tó ń mọ ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ wà àti ìgbà tó lọ. Ní ibi tí Ìfọ́n wà, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju ọjọ́ tó kúrú jù lọ. Èmi àti ẹ̀yin lè gbé ayé wa já láìfura sí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbà ń fura. Bí òru bá ti gùn dé ìwọ̀n kan lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, bàbà tí a gbìn ní oṣù kẹrin àti èyí tí a gbìn ní oṣù kẹfà yóò yọrí ní àsìkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tí a tètè gbìn ti ga ju ènìyàn lọ fíofío, èyí tí a pẹ́ gbìn kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ yọrí ni. Nítorí náà, bí òjò àkọ́kọ́ bá pẹ́ kó tó dé, àgbẹ̀ lè pẹ́ gbìn, kó má sì pàdánù ọjọ́ ìkórè.

Ta ló wá sọ fún bàbà pé ìgbà wo ni òjò ń dá? Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ D. L. Curtis, tó ṣiṣẹ́ ní Sàmárù lẹ́bàá Zaria, kó bàbà ìbílẹ̀ láti ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà jọ, ó wo ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọrí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1968. Bàbà ìlú kọ̀ọ̀kan ń yọrí ní àsìkò tí òjò sábà máa ń dá ní ìlú tirẹ̀. Èyí tó ti òkè réré wá tètè yọrí, èyí tó ti gúúsù wá pẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà, láìsí ilé ìwádìí kankan: lọ́dọọdún, orí ọkà tó tètè jáde ti jẹrà nínú òjò, èyí tó pẹ́ jáde ti rọ nínú ọyẹ́, ti àárín ni wọ́n fi ṣe irúgbìn. Ẹ fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣe bẹ́ẹ̀, ọkà yóò há kàlẹ́ńdà ìlú yín sórí.

Kò tán síbẹ̀. Bàbà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀yà Guinea, tó wọ́pọ̀ ní àwọn ibi tí òjò ti pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí rẹ̀ kì í ṣù pọ̀. Ó tú sílẹ̀, ó rọ̀ wálẹ̀, omi a máa ṣàn kúrò lára rẹ̀, atẹ́gùn a sì máa gba àárín rẹ̀. Ti ibi gbígbẹ a ṣù bí ìkúùkù. Ẹ gbin ti ibi gbígbẹ yìí sí etí odò Erinlẹ̀ níbí, kí àrọ̀kúrọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dá, ẹ óò bá a tó ti bu lórí ìdúró.

Ibo ni irú koríko ọlọ́gbọ́n báyìí ti wá? Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, Sàhárà kì í ṣe aṣálẹ̀. Ayé a máa yí bí òkòtò, ó sì máa ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ti ń yí. Nígbà yẹn, mímì rẹ̀ mú kí oòrùn ìgbà ooru mú ju ti ìsinsìnyí lọ ní apá àríwá, òjò sì ń gòkè dé àárín Sàhárà. Adágún Chad fẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ Gánà lọ. Ní 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, kan ọkọ̀ ojú omi onígi nínú ilẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Ọkọ̀ ojú omi, níbi tí wọ́n ti ń wa omi mímu nísinsìnyí!

Nígbà tí òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún sẹ́yìn, ènìyàn, màlúù àti koríko jọ sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù. Inú ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni koríko ti di ọkà. Èso koríko igbó a máa gbọ̀n dànù bó bá ti gbó. Èyí tó bá dúró lórí ni ọwọ́ ènìyàn máa ń bá, òun náà ni wọ́n ń gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ní àfonífojì Tilemsi ní Mali, jéró ti di ti ilé ní nǹkan bí ọdún 2500 ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tó fi máa di bí 1700 ṣáájú ìbí Kristi, ó ti dé Birimi ní àríwá Gánà. Bàbà ní tirẹ̀ ti ìlà-oòrùn Sudan wá, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín ṣáájú ọdún 3000 kí a tó bí Kristi, ṣùgbọ́n kò yára rìn. Ní Daima, lẹ́bàá adágún Chad ní Borno, kò fara hàn dáadáa nínú ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ títí ẹgbẹ̀rún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí Kristi fi ń parí lọ.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni jéró tí wọ́n hú nínú igbó kìjikìji gúúsù Cameroon, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti bí ọdún 400 sí 200 ṣáájú ìbí Kristi. Lónìí, ẹni tó bá gbin jéró níbẹ̀ ń fi í fún ìjẹrà ni, nítorí òjò kì í fẹ́ẹ́ dá. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn ti wọ inú ọdún wọn, igbó ti ṣí. Ọkà tẹ̀lé ẹ̀ẹ̀rùn wọ inú igbó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà kúrú, ọkà tún jáde.

Ní àyíká wa, iṣu ni ọba, ọkà ni ìjòyè. Iṣu fẹ́ òjò gígùn, ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ títí ayé yóò fi gbẹ. Ìyàtọ̀ wọn kò bàjẹ́: ẹgbodò a jáde ní oṣù keje sí ìkẹjọ, bàbà a gbó ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ihò tó wà níbẹ̀. Iṣu tó wà lábà a bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti oṣù kẹta, bàbà inú àká a ti ń lọ sílẹ̀, iṣẹ́ oko tó le jù lọ́dún, ebè kíkọ àti oko ríro, a sì dé ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Ebi pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekúdórógbó, lóṣù kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ìran, ibẹ̀ ni ọdún ti ń fún àwọn ará oko lọ́rùn.

Àgbàdo ló dí ihò yìí. Ọmọ Mẹ́síkò ni, wọ́n ti ń gbìn ín lọ́hùn-ún láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìwé wọn ti ń dárúkọ rẹ̀ ní àwọn erékùṣù tó kọjú sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bó ṣe rìn wọ inú ilé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn amọ̀kòkò kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa láìmọ̀. Wọn a mú ṣúkù tí wọ́n ti jẹ ọmọ rẹ̀ tán, wọn a yí i lórí ìkòkò tútù, ojú ibi tí ọmọ àgbàdo ti kúrò a sì di ọnà. Nílẹ̀ Yorùbá, bí awalẹ̀pìtàn bá kan àfọ́kù ìkòkò olónà báyìí, ó ti mọ̀ pé ibi tí òun gbẹ́ dé kò lè dàgbà ju ìgbà àwọn Potogí lọ.

Àgbàdo kò bìkítà fún gígùn òru bí bàbà ìbílẹ̀ ti ń ṣe. Ó kàn ń kánjú ni. Láàárín 90 sí 120 ọjọ́ ó ti parí iṣẹ́. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ó máa sè é, ẹ ó máa sun ún ní oṣù kẹfà sí ìkeje, kí ẹgbodò tó jáde, àárín ihò ebi yẹn gan-an. Èkejì: ó wọ aṣọ. Háhá tó bò ó kì í jẹ́ kí òjò oṣù keje kàn án lára, kì í sì í jẹ́ kí ẹyẹ ẹ̀ga rí i jẹ. Bàbà wà níhòòhò lórí igi rẹ̀. Ọmọdé tó ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ ní oko bàbà láti àárọ̀ di alẹ́ lè sọ ohun tí aṣọ yẹn tó fún yín.

Lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, ẹ tún lè gbin òmíràn. Àgbàdo méjèèjì kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti àkọ́rọ̀ ń jáde nínú òjò, kò ṣeé sá gbẹ dáadáa, nítorí náà títútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n tètè rẹ ẹ́ fún ògì. Ti àrọ̀kúrọ̀ ń gbó bí ọyẹ́ ti ń dé, ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ ẹ́; òun ni wọ́n ń so mọ́ àjà lókè ààrò, kí èéfín máa lé kòkòrò. Àgbàdo àkọ́rọ̀ tí ènìyàn fi agídí kó pa mọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ, olú kan tó ń jẹ́ Aspergillus a máa hù lára rẹ̀, a sì máa su májèlé tí ń jẹ ẹ̀dọ̀, tí sísè kò lè pa tán. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí òjò dá náà kọ́ nìyẹn?

Ọ̀nà mìíràn ni Ṣáínà gbà dé ibi kan náà. Ní 1012, nígbà tí ọ̀dá mú, Ọba Zhenzong ti ìdílé Song pàṣẹ pé kí wọ́n pín ìrẹsì kan tó wá láti Champa, ní ilẹ̀ Vietnam ìsinsìnyí, fún àwọn àgbẹ̀ ní àgbègbè odò Yangtze. Ìwà rẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti àgbàdo: ó ń yára gbó. Lọ́hùn-ún, ọba ló pín in. Níbí, mo rò pé ọjà ló pín in, àti àwọn ìyàwó tó ń di irúgbìn sínú aṣọ láti ilé baba wọn lọ sílé ọkọ.

Àsìkò tí àgbàdo dé kì í ṣe àsìkò tó rọrùn. Adágún Bosumtwi wà ní Gánà, lẹ́bàá Kumasi, nínú kòtò tí òkúta ojú ọ̀run gbẹ́. Lọ́dọọdún ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń tò léra wọn ní ìpele-ìpele, èyí tó jẹ́ kí a lè ka ọjọ́ orí rẹ̀. Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009: láti bí 1400 títí di 1750, ọ̀dá kan mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó burú ju ọ̀dá ọdún 1970 sí 1989 lọ. Àwọn igi tó hù sí etí adágún náà nígbà tí omi fà sẹ́yìn ṣì ń dúró nínú omi títí di òní, wọ́n ti kú.

Ẹ óò rò pé ebi pa gbogbo ayé nígbà náà. Awalẹ̀pìtàn Amanda Logan wá ohun tí àwọn ará Banda, ní Gánà kan náà, ń jẹ nínú eérú ààrò wọn àtijọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ *The Scarcity Slot* ní 2020. Ní àárín ọ̀dá yẹn, wọ́n ń jẹ jéró àti bàbà, wọ́n sì yó. Ìgbà tí oúnjẹ wọn wá wọ́n ni ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí òjò ti padà, tí ogun, ìkónilẹ́rú àti ìjọba òyìnbó sì ti dé.

Ilẹ̀ wa náà jẹ́rìí sí èyí. Ẹdẹ-Ilé kò jìnnà sí Ìlobùú. Awalẹ̀pìtàn Akínwùmí Ògúndìran gbẹ́ ibẹ̀, ó sì fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló wá tẹ̀ ẹ́ dó láti ṣọ́ ọ̀nà òwò. Wọ́n gbé ọ̀dàn wọn dání: ẹṣin wọn, àti igi oṣè, tó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú wọn, tú ní àwọn ọdún 1830, ogunlọ́gọ̀ sá wá sí etí igbó yìí, ogun sì tẹ̀lé wọn. Ogun náà ń wo ọjọ́ tí òjò dá. Odò ti fà, ẹṣin lè rìn, ọkà sì ti gbó lóko fún ọmọ ogun tí kò gbé oúnjẹ dání. Ogun Jálumi, tí wọ́n jà ní Ìkìrun, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878 ni. Ẹnikẹ́ni tó ní bàbà lóko ní àyíká ibẹ̀ lọ́sẹ̀ náà mọ ẹni tó kórè rẹ̀. Bóyá ìdí kan tí iṣu àti ẹ̀gẹ́ fi wu àwọn ènìyàn nìyẹn: ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò ṣeé sun níná.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo ìrìn àgbàdo yìí ni ti Òrìṣà Olúfọ́n. Ìfọ́n ni ilé òrìṣà yìí, ohun funfun ló sì ń gbà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì gbé e lọ, wọ́n ń pè é ní Oxalufã níbẹ̀, acaçá ni wọ́n sì ń gbé síwájú rẹ̀: àkàsà wa, tí wọ́n fi àgbàdo funfun ṣe, tí wọ́n fi ewé dì. Irúgbìn tó ti Amẹ́ríkà wá dé Áfíríkà, ó di oúnjẹ òrìṣà tó ti wà kó tó dé, ó sì bá òrìṣà padà sí Amẹ́ríkà.

Àgbàdo ní gbèsè tirẹ̀. Òdòdó orí rẹ̀ ló ń tú lẹ́búlẹ́bú sórí irun tó ń jáde lára ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀dá bá mú ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, irun a pẹ́ jáde, lẹ́búlẹ́bú a ti tú tán, ẹ óò sì bó háhá kan ṣúkù lásán. Bàbà lè dáwọ́ dúró kó máa retí òjò. Àgbàdo kò lè retí. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i ni kí ó túbọ̀ kánjú: wọ́n ti mú èyí tó ń gbó láàárín 90 sí 95 ọjọ́ jáde, àti èyí tí kò ju 85 lọ.

Bàbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lóko Ìfọ́n. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ògì bàbà, ọkọ̀ ló ń gbé e wá láti òkè. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín padà kò lè kàn mú irúgbìn ọjà lọ sóko, nítorí irúgbìn òkè yóò yọrí kí òjò Ìfọ́n tó dá, yóò sì bu. Àfi kó wá irúgbìn ìbílẹ̀ tó bá ṣì kù lọ́wọ́ àgbàlagbà kan. Bí òjò àrọ̀kúrọ̀ bá sì ti ń tètè dá ju bó ti ń dá lójú àwọn bàbá wa, irúgbìn yẹn náà yóò pẹ́ yọrí ju bó ti yẹ lọ, ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin ni yóò wá bá ilẹ̀ mu. Ẹni tó bá gbin méjèèjì sí poro ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò mọ èyí tó yẹ kó tọ́jú fún irúgbìn.